Lẹ́tà sí ọmọ mi tó fẹ́ kó ọnà aṣọ òfì jọ

Ìṣẹ́yìn,
Ọjọ́ Àìkú, lálẹ́.

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Mo ti ka àbá tí o kọ láti fi tọrọ owó fún iṣẹ́ àkójọ ọnà òfì yín, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Àwòrán ọnà aṣọ òfì, orúkọ ọnà kọ̀ọ̀kan, ohùn ẹni tó hun ún, gbogbo rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni lè rí i láìsan kọ́bọ̀. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi rí oorun sùn. Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí lórí fóònù ọ̀rọ̀ máa ń já kí n tó dé ibi tí mò ń lọ.

Nígbà tí mo ṣí ìwé náà lórí Google Docs lánàá, ọwọ́ mi ṣèèṣì kan ojú fóònù, ìpínrọ̀ kan sì pòórá. Àyà mi já. Àbúrò rẹ ló fi ibi tí ó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe sí hàn mí, níbi tí a ti ń rí ẹni tó fọwọ́ kan ìwé àti àkókò tó fọwọ́ kàn án, ó sì dá a padà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n báwo ni èmi tí mi ò sí nínú iṣẹ́ yìí ṣe lè pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú rẹ̀? O ṣí i sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí líǹkì bá ti dé ọwọ́ rẹ̀ ni, líǹkì ọ̀hún sì ti wà nínú WhatsApp ẹbí láti ìjẹta. Ẹni tó fẹ́ kà á, jẹ́ kó kà á. Ẹni tó ní èrò, jẹ́ kó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀yin mẹ́rin tẹ́ ẹ jọ ń ṣe é nìkan ni kí ẹ lè tún un kọ, kí o sì fi orúkọ gbé àṣẹ náà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Mo tún rí ibi tí ẹ to orúkọ àwọn ahunṣọ sí, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti agbo ilé wọn. Yọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn lónìí, má jẹ́ kó di ọ̀la. O mọ bí àwọn oníjìbìtì ṣe ń pe àgbàlagbà pé báńkì ló ń pè. Ṣe ìwé mìíràn fún un, kí ẹni méjì péré lè ṣí i.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé orí email tìrẹ nìkan ni gbogbo fáìlì wà. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa aláṣọ, akọ̀wé kan ṣoṣo ló ń mú ìwé. Olóòótọ́ ènìyàn ni, kò jí kọ́bọ̀. Àìsàn dé, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nílùú mìíràn, àpótí ìwé wà nínú yàrá tí a tì pa. Oṣù mẹ́ta gbáko la ò fi mọ ẹni tó jẹ wá àti ẹni tí a jẹ. Àwọn tó ti jọ ń jẹun láwo kan náà fún ogún ọdún wá ń wo ara wọn bí olè. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi, mi ò sì fẹ́ kó bá iṣẹ́ rẹ. Fáìlì tí o bá ṣí lórí Drive, ibi tí Google ń bá wa tọ́jú fáìlì sí, tìrẹ ni, bí o tilẹ̀ pín in fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Google sì ti sọ pé òun lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni ò bá lò fún ọdún 2 rẹ́, tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí àkáǹtì kan ní orúkọ iṣẹ́ náà, kí ẹni méjì mọ ọ̀nà àtiwọlé. Lóṣooṣù, ẹ da ohun gbogbo sórí hard disk, kó wà lọ́dọ̀ alága ẹgbẹ́ ahunṣọ. Àyè gígábáìtì 15 ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́tà orí email ń jẹ nínú rẹ̀, àwòrán ń jẹ nínú rẹ̀, kò sì ní pẹ́ kún. Ẹ má sì máa fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ṣe ń fi àwòrán ìnáwó ránṣẹ́, torí ó máa ń fún un pọ̀, òwú tín-ín-rín á sì di bàìbàì.

Ní ti àbá fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló kún ojú ewé méjì àkọ́kọ́. Fi aṣọ síwájú. Kọ nípa ẹtù tó rí bí ìyẹ́ ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, nípa sányán, nípa àlàárì, àti bí orúkọ ọnà ṣe ń bá àgbà kan wọlẹ̀. O ní owó ìrànwọ́ Rapid Fund ti Wikimedia Foundation, àjọ tó ni Wikipedia, lẹ fẹ́ tọrọ, èyí tó máa ń wà láàárín dọ́là 500 sí 5,000. Gbangba ni wọ́n ń kọ irú àbá bẹ́ẹ̀ sí, ọmọ Ìṣẹ́yìn èyíkéyìí lè kà á. Nítorí náà, má kọ ohun tí o ò lè kà sétí baba tó jókòó sídìí òfì. Mo wo ìnáwó tẹ́ ẹ kọ: dátà wà, ọkọ̀ wà, oúnjẹ wà, kọ́bọ̀ kan ò sí fún ahunṣọ. Wákàtí tó fi ń bá yín sọ̀rọ̀, kò hun nǹkan kan. Ẹ fi owó sí i.

Ọ̀dọ̀ wọn sì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ òdodo fún wọn pé àwòrán tó bá ti wọ Wikimedia Commons, ibi tí àjọ náà ń kó àwòrán ọ̀fẹ́ jọ sí, ẹnikẹ́ni lágbàáyé lè lò ó, ó tilẹ̀ lè fi ṣòwò, bó sì ti wọlé tán, a ò lè gba àṣẹ ọ̀hún padà. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́, ẹ kí i, kí ẹ dìde. Ọnà tí ẹlòmíì fi ń jẹun ni.

Orúkọ ọnà á dá àríyànjiyàn sílẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wo iṣẹ́ àkójọ orúkọ Yorùbá tí Kọ́lá Túbọ̀sún gbé dìde ní 2015: ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Ẹ wá àgbà méjì tí yóò máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín. Bí wọn ò bá fẹnu kò, ẹ kọ orúkọ méjèèjì.

Mo ti bá alága sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí ẹ wá lọ́jọ́ ìpàdé wọn lóṣù tó ń bọ̀. Mo sì ti yọ sányán ìyá mi jáde nínú àpótí, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ọnà kan wà létí rẹ̀ tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá àgbà kan ṣoṣo ló kù ládùúgbò wa tó lè mọ̀ ọ́n, ojú wọn ò sì ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ aṣọ. Tí o bá dé, ọ̀dọ̀ wọn la máa kọ́kọ́ lọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.