Màámi, ẹ jẹ́ ká tètè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ vísà yín

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Orúnkún yẹn ńkọ́, ṣé ó ti ń rọlẹ̀? Àwa náà wà dáadáa níbí, àwọn ọmọ ń kí yín, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè pé ìgbà wo ni Màmá máa dé. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, torí tá a bá ń sọ ọ́ lórí fóònù, nẹ́tíwọ̀kì á já, ohun tá a ò tíì sọ á pọ̀ ju èyí tá a sọ lọ. Ẹ jẹ́ kí Dàpọ̀ náà kà á kó sì fi pamọ́, òun lá máa bá yín kọ fọ́ọ̀mù.

Mo gbọ́ pé ọkùnrin kan ti ń wá sọ́dọ̀ yín pé òun á bá yín gba vísà Jámánì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pé kẹ́ ẹ ṣáà kó owó wá. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Kò sí éjẹ́ǹtì tó lè fún èèyàn ní vísà, àwọn ẹ́ńbásì fúnra wọn ló ń fún un. Èyí tó tún ní òun á bá yín gbà á láti orílẹ̀-èdè míì tó rọrùn ju Jámánì lọ, ìyẹn gan-an ló burú jù. Òótọ́ ni pé vísà tẹ́ ẹ fẹ́ gbà yìí, Schengen ni wọ́n ń pè é, orílẹ̀-èdè 29 ló jọ ń lò ó, ẹ lè fi dé Faransé tàbí Bẹ́ljíọ̀mù tó bá wù yín (London ò sí nínú ẹ̀ o, tiwọn yàtọ̀). Ṣùgbọ́n òfin wọn ni pé ibi téèyàn ti máa pẹ́ jù ló ti máa gbà á. Ọ̀dọ̀ wa ní Köln lẹ ń bọ̀, Jámánì ló ni yín nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá lọ gbà á níbòmíì tẹ́ ẹ wá já sí Frankfurt ní Jámánì níbí, ẹ ò mọ orílẹ̀-èdè tó fún yín ní vísà, ẹ ò ní hótẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, kí lẹ máa sọ fún wọn?

Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín jù lọ rèé. Ẹni tó máa ka ìwé yín ò mọ̀ yín rí, ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn ẹ̀: ṣé màmá yìí á padà sílé tí ọjọ́ bá pé? Gbogbo ìwé tí wọ́n ń gbà, ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀. Ẹ̀yin sì ní ìdáhùn yẹn dáadáa. Owó ìfẹ̀yìntì yín tó ń wọlé lóṣooṣù, ìwé tí ìjọba fún yín nígbà tẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ìwé ilé, ìwé ìgbéyàwó yín pẹ̀lú Bàámi tó ṣì ń dúró dè yín nílé, ká kó gbogbo ẹ̀ jọ. Bí owó ìfẹ̀yìntì yẹn ò tiẹ̀ pọ̀, bó ṣe ń wọlé létòlétò yẹn, ó dáa ju owó ńlá tó wọlé lọ́jọ́ kan lọ. Obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n ṣe fún bàbá ẹ̀ nìyẹn, éjẹ́ǹtì kan yá wọn lówó sínú báǹkì, owó yẹn wọlé nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó ti wá. Wọn ò fún bàbá ní vísà. Bàbá yẹn ò sì purọ́ rí láyé ẹ̀, ó dùn mí gan-an. Dàpọ̀, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi náírà kankan sínú àkáǹtì Màámi torí vísà, bó ṣe wà ni kó ṣe wà.

Torí pé àwa la máa náwó sí ìrìn àjò yìí, ìwé kan wà tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ máa lọ ṣe ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò níbí, Verpflichtungserklärung lórúkọ ẹ̀, 29 yúrò la máa san. Wọ́n á wo ìwé owó oṣù wa àti ìwé ilé tá a háyà, a ó sì fọwọ́ sí i pé gbogbo ìnáwó yín lọ́rùn wa ló wà, oúnjẹ, ibùsùn, ilé ìwòsàn, títí dórí owó ọkọ̀ téèyàn á fi padà sílé. Ìwé ńlá ni, ẹni tó fọwọ́ sí i ò lè sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun ò mọ̀. Ojúlówó ẹ̀ ni mo máa fi ránṣẹ́, kì í ṣe kọ́pì, ẹ fi í síbi tí ò ní sọnù.

Pásípọ́ọ̀tù yín, kí Dàpọ̀ wò ó dáadáa kó tó ṣe nǹkan míì. Kò gbọ́dọ̀ tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ tí wọ́n ti ṣe é, ó gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta lára lẹ́yìn ọjọ́ tí Màámi bá kúrò lọ́dọ̀ wa, kó sì ní ojú ìwé méjì tó ṣófo. Inṣọ́ránsì ìrìn àjò náà ṣe dandan, iye tó máa bò kò gbọ́dọ̀ dín ní 30,000 yúrò, kó sì ká gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè Schengen àti gbogbo ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò. Fótò ọ̀hún, kí gbogbo ojú yín hàn o Màámi, ẹ má wé gèlè ya á. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, ẹ má tíì rà á, kí wọ́n kàn bá yín búùkù ẹ̀ sílẹ̀ ná.

Owó vísà fún àgbàlagbà jẹ́ 90 yúrò, 80 ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi kún un ní oṣù kẹfà 2024. Wọ́n fún yín o, wọn ò fún yín o, owó yẹn ti lọ nìyẹn. Èèyàn lè fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ láti ìgbà tó bá ku oṣù mẹ́fà kó rin ìrìn àjò, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ìgbà tó ku ọjọ́ 15. Ọjọ́ 15 náà ló yẹ kí wọ́n fi dáhùn, àmọ́ wọ́n lè fà á dé 45. Rírí déètì láti lọ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ló ń pẹ́ jù, ìdí tí mo fi ń pariwo pé ká tètè bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má ra déètì lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Níbi tẹ́ ẹ ti máa fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, wọ́n á gba àmì ìka ọwọ́ yín mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n lè bi yín ní ìbéèrè díẹ̀. Ẹ dáhùn bó ṣe rí: ọmọ mi obìnrin ni mo fẹ́ lọ wò, òun àti ọkọ ẹ̀ ló ń sanwó, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo máa lò, mo ní ọkọ nílé. Ó tán. Tí wọ́n bá kọ̀ (Ọlọ́run ò ní jẹ́), wọ́n á fún yín ní ìwé tí wọ́n ti máàkì ìdí ẹ̀ sí. Tẹ́lẹ̀ èèyàn lè kọ̀wé pa dà sí ẹ́ńbásì pé kí wọ́n tún un wò, Jámánì ti fòpin sí ìyẹn láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2025, ó ku kéèyàn lọ kọ́ọ̀tù ní Berlin tàbí kó tún fi fọ́ọ̀mù tuntun sílẹ̀. Torí náà ẹ jẹ́ ká ṣe tàkọ́kọ́ yìí dáadáa.

Tí vísà bá ti wà nínú pásípọ́ọ̀tù, kí Dàpọ̀ ya fótò ẹ̀ fún mi kíákíá. Ibì kan wà lára ẹ̀ tó ń kó bá èèyàn. Ẹ máa rí déètì méjì, láti ìgbà báyìí sí ìgbà báyìí, ẹ sì tún máa rí iye ọjọ́ lọ́tọ̀. Ká ní wọ́n kọ 40 síbi iye ọjọ́, kí déètì wá lọ láti ọjọ́ kìíní oṣù keje títí dé ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ. Tẹ́ ẹ bá kà á, ọjọ́ 55 ló wà láàárín ẹ̀, ṣùgbọ́n 40 ni tiyín, 15 tó kù wọ́n kàn fi gba èèyàn láyè torí ọkọ̀ tó lè yẹ̀ ni. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé àti ọjọ́ tẹ́ ẹ bá jáde, wọ́n ka méjèèjì mọ́ ọn. Láti oṣù kẹwàá 2025 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ kọ ìwọlé àti ìjáde sílẹ̀ dípò òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lù sí pásípọ́ọ̀tù, wọ́n á ya ojú yín, ẹ̀rọ yẹn lá máa ka ọjọ́ fúnra ẹ̀, kò ṣeé bẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé Frankfurt, vísà nìkan ò tíì parí ẹ̀, ọlọ́pàá ibodè ṣì lè ní kẹ́ ẹ mú ìwé wá. Kọ́pì gbogbo ìwé, nọ́ńbà fóònù mi àti tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà, inú báàgì ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kó wọn sí, ẹ má jẹ́ kó wọ inú báàgì ńlá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín náà, nínú páálí ẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà.

Mo sì mọ̀ yín, ẹ̀ ẹ́ fẹ́ kó ẹrù wá fún wa. Ẹran ò wọlé o Màámi, bó gbẹ bó tutù, wàrà àti wàràkàṣì náà ò wọlé, wọ́n á gbà á sọnù wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé e. Ẹja gbígbẹ wọlé, kó má ṣáà ju kílò 20 lọ. Ewé tútù àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ èso gbọ́dọ̀ ní ìwé àyẹ̀wò, àwọn tí kò nílò ẹ̀ ni ọ̀pẹ òyìnbó, àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti dàbínù. Ẹja yẹn ti tó wa.

Dàpọ̀, ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ báyìí ni fótò ojú ìwé pásípọ́ọ̀tù Màámi tí orúkọ wà, kó hàn kedere, torí bí orúkọ ṣe wà níbẹ̀ náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kọ ọ́ sínú ìwé tá a fẹ́ lọ fọwọ́ sí. Fi ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bá mi kí Bàámi.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnkẹ́