Lẹ́tà sí Akínwálé lórí bọ́ọ̀lù tí ó kan ilẹ̀

Arlington, Texas,
Ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Akínwálé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Àárò rẹ sọ mí gidigidi ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ayọ̀délé ọmọ mi lórí pápá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, dá mi padà sí ọjọ́ Àìkú yẹn nínú oṣù Kìíní ọdún 2015, nígbà tí èmi àti ìwọ jọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ mi, tí a kò sì bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Mo mọ̀ pé o kò gbàgbé. Dallas àti Green Bay ni wọ́n ń gbá a; ìgbìyànjú kẹrin, èyí tí ó kẹ́yìn, ni, yáàdì méjì ni Dallas nílò kí bọ́ọ̀lù má baà bọ́ sọ́wọ́ èkejì, eré kò sì ku ìṣẹ́jú márùn-ún mọ́, tí Tony Romo fi sọ bọ́ọ̀lù gígùn yẹn sí Dez Bryant. Bryant fò ju ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ lọ, ó hán an lójú afẹ́fẹ́, ó fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ òsì na bọ́ọ̀lù sí ìlà tí wọ́n ti ń jẹ ayò bí ó ti ń ṣubú lọ. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti kan ilẹ̀ tí ó ta sókè, kí ó tó tún un gbá mọ́ra. Rẹfirí kọ́kọ́ ní ó mú un. Kóòṣì Green Bay ju àsíá pupa sílẹ̀ láti tako ìdájọ́ náà, wọ́n tún un wò nínú fídíò, wọ́n sì ní kò mú un. Green Bay borí pẹ̀lú 26 sí 21. O dìde, o ní wọ́n ja Dallas lólè. Èmi ni mo ń ka òfin sí ọ létí, pé ẹni tí ó bá ń ṣubú bí ó ti ń gba bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ dì í mú ṣinṣin títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀ tán.

Èsì rẹ ni mo ń rò láti ọjọ́ Ẹtì. O ní lábẹ́ igi máńgòrò ilé bàbá rẹ ní Mọ́kọ́lá, ẹni tí ó bá hán máńgòrò ni ó ni ín, ìbáà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí pé ohun tí a hán kò tíì di ohun tí a mú. Títí di òní mo gbà pé hán yàtọ̀ sí mú, àti pé ìgbà tí ọ̀kan di èkejì gan-an ni gbogbo àríyànjiyàn àwọn ará ibí dá lé. Ibi tí mo ti ṣìnà ni pé mo ń retí kí ilẹ̀ jẹ́rìí, nígbà tí ẹ̀rí ti wà níwájú wa. Ẹni tí ó ráyè na bọ́ọ̀lù sí ìlà ti mú un kí ó tó nà án.

Calvin Johnson ti Detroit rí irú rẹ̀ ní Chicago lọ́dún 2010. Jesse James ti Pittsburgh náà rí i nínú oṣù Kejìlá ọdún 2017, nígbà tí eré wọn pẹ̀lú New England kò ku ìṣẹ́jú kan mọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018 ni àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ méjèèjìlélọ́gbọ̀n inú NFL, líìgì àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe, wá fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kúrò: kí ọwọ́ tẹ bọ́ọ̀lù ṣinṣin, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tàbí ẹ̀yà ara mìíràn tẹlẹ̀ nínú pápá, kí ẹni náà sì gbé ẹsẹ̀ kẹta, tàbí kí ó na bọ́ọ̀lù síwájú, tàbí kí ó ti ní àyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi òfin yìí wò ó, Bryant mú un. Ìwọ ni o jàre, Akínwálé. Ó ti yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ láti ọdún náà.

Ìyàwó mi ti yege ìdánwò nọ́ọ̀sì rẹ̀, orúnkún mi sì ti san.

Ní ti Ayọ̀délé, ó fò, ó hán bọ́ọ̀lù náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú pápá, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ṣubú tí bọ́ọ̀lù fi ta sílẹ̀ lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Òfin bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì, kì í ṣe ti NFL, ni àwọn ilé ìwé ní Texas ń lò, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì ṣì wà nínú tiwọn, nítorí náà n kò lè sọ pé rẹfirí ṣe àṣìṣe. Wọ́n pàdánù, sáà wọn sì parí síbẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé nínú ọkọ̀, kí a tó dé ilé, mo tún ka òfin náà sí ọmọ létí gẹ́gẹ́ bí mo ti kà á sí ọ. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Dádì,” kò sì tíì bá mi sọ ju ìkíni lọ láti ìgbà náà.

Jọ̀wọ́, bá mi pè é. Ó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Dádì Akin rẹ̀ ju tèmi lọ. Ọjọ́ Àìkú ni ó dára jù, ní agogo méjì ọ̀sán tiwa, tí í ṣe agogo mẹ́sàn-án alẹ́ lọ́dọ̀ yín. Sọ ti Bryant fún un, sì sọ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà, má fi ọ̀kankan pamọ́ nítorí mi. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà nílẹ̀ ọkọ̀ níbi tí ó jù wọ́n sí, n kò sì tíì lè kó wọn wọlé fún un.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Olúmìdé