Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí Oògùn Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀fóró

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ọkọ rẹ ti sọ fún mi pé ẹ ti gba oògùn tí dókítà kọ fún ọ ní ọsibítù UCH ní Ìbàdàn, pé erlotinib ni orúkọ rẹ̀, àti pé hóró kan tí ó jẹ́ 150 mílígíráàmù ni wọ́n ní kí o máa lò lójúmọ́. Inú ìwé ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi sí, nítorí ọ̀rọ̀ orí fóònù a máa fò lọ, ṣùgbọ́n ìwé yìí, o lè fi í sí ẹ̀gbẹ́ oògùn rẹ kí o sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. O mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún kò ju pé kí o lo oògùn náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, kí o má bù kún un, kí o má bù kúrò nínú rẹ̀, kí o má sì fi ohunkóhun tí o bá rí lára rẹ pamọ́ fún àwọn tí ń tọ́jú rẹ.

Ó yẹ kí o mọ iṣẹ́ tí hóró kékeré yẹn ń ṣe. Dókítà ti ṣàlàyé fún ọ pé jẹjẹrẹ náà ti kúrò ní ojú kan nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó ti tàn dé ibòmíràn, ìdí sì nìyẹn tí wọn kò fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ. Ẹran díẹ̀ tí wọ́n gé níbẹ̀ fún àyẹ̀wò ni ó fi hàn pé ìyípadà wà nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní EGFR. Láti ọ̀dọ̀ jíìnì yìí ni àṣẹ ti ń wá fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó dàgbà, kí ó sì pín sí méjì. Bí ó bá ti yí padà, àṣẹ náà kì í dáwọ́ dúró mọ́, tọ̀sán tòru ni. Erlotinib a máa dí ojú ibi tí àṣẹ náà ń gbà kọjá. Ọdún 2004 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kéde ìyípadà yìí, ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí erlotinib, nígbà tí ó sì di ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í kún àwọn oògùn tí wọ́n kà sí kò-ṣeé-má-nìí. Wọn kò fi ọ́ dán nǹkan wò, ọmọ mi. Ìyípadà yìí sì wọ́pọ̀ jù lọ lára àwọn tí kò fa sìgá rí, nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń béèrè ohun tí o ṣe tí irú èyí fi bá ọ, má wulẹ̀ dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ dúró lé lórí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í lò. Erlotinib kò fẹ́ bá oúnjẹ pàdé nínú ikùn. Ó kéré tán, lò ó ní wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ, tàbí kí o jẹ́ kí wákàtí méjì kọjá lẹ́yìn oúnjẹ kí o tó lò ó. Bí oúnjẹ bá wà nílẹ̀, oògùn náà yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀ ju ìwọ̀n tí dókítà fẹ́ lọ, ìnira tí ó ń mú wá yóò sì pọ̀ sí i. Ìwọ sì rèé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Mo mọ bí ebi àárọ̀ ṣe ń pa ọ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o máa lò ó ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, nígbà tí o bá jí gbàdúrà, kí o wá jẹun ní aago méje kí o tó jáde lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Fi aago fóònù rẹ sí i kí ó máa jí ọ. Omi lásán ni kí o fi gbé e mì, kì í ṣe tíì, kì í ṣe ẹ̀kọ gbígbóná. Má fọ́ ọ, má rún un lẹ́nu. Ọsàn kíkorò tí wọ́n ń pè ní gíréèpù, èyí tí o fẹ́ràn láti máa mu lọ́sàn-án, jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀ pátápátá ní àsìkò yìí, nítorí pé òun náà a máa mú kí oògùn náà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀.

Bí o bá gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ kan, má lo hóró méjì pọ̀ lọ́jọ́ kejì láti fi dí i. Bí o bá bì lẹ́yìn tí o gbé e mì tán, má tún gbé òmíràn mì. Dúró di àsìkò rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, kí o sì fi tó dókítà létí. Bí ìjọ bá sì kéde ààwẹ̀, sọ fún pásítọ̀ pé ara rẹ kò yá. Àwa tí ara wa le yóò gba tìrẹ, nítorí ìwọ nílò omi gidigidi.

Mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ owó, mo sì fẹ́ kí ọkọ rẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú. Oògùn yìí wọ́n. Mo ti rí àwọn aláìsàn lẹ́nu iṣẹ́ mi tí wọ́n ń lo oògùn olówó iyebíye ní ìjẹta-ìjẹta kí ó lè pẹ́ tán, tàbí tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ là á sí méjì nínú yàrá, tí wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà á wo àyẹ̀wò, á rò pé oògùn kò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ oògùn kò tilẹ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun wọn bí ó ti yẹ. Mo mọ irú ọmọ tí mo bí. O lè fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ kí owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ má baà yingin. Má ṣe é. Bí ó bá ku hóró mẹ́wàá nínú páálí tí kò sì tíì sí owó òmíràn, ọjọ́ yẹn ni kí o pè mí, kì í ṣe ọjọ́ tí ó bá ku ẹyọ kan. Mo ti bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ sọ ọ́, a sì ti fẹnu kò. Àwọn ilé iṣẹ́ ní Íńdíà náà ń ṣe erlotinib, tiwọn sì dínwó ju ti àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é, nítorí náà bi dókítà léèrè bóyá èyí tí ó dínwó wà tí òun fọkàn tán. Àmọ́ ilé oògùn ọsibítù tàbí ilé oògùn tí ọsibítù bá júwe ni kí ẹ ti rà á, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ó ní òun ní ènìyàn ní Èkó. Kí ẹ rí nọ́ḿbà NAFDAC lára páálí, kí ìdè rẹ̀ wà pérépéré, kí déètì rẹ̀ má sì tíì kọjá.

Ìyá ọkọ rẹ fẹ́ràn rẹ, mo sì mọ̀ pé agbo kò ní pẹ́ dé. Gba ìgò náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kúnlẹ̀ dúpẹ́, kí o wá sọ fún wọn pé, “Ẹ ṣé mà, dókítà ní kí n má tíì fi ohunkóhun kún oògùn yìí.” N kò sọ pé agbo burú; agbo ni ìyá mi fi tọ́ mi dàgbà. Ẹ̀dọ̀ rẹ ni yóò máa fọ́ oògùn yìí túútúú, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí egbò àti èèpo inú ìgò yẹn lè fà bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Agbo jẹ̀díjẹ̀dí tilẹ̀ burú jù fún ọ, nítorí pé yóò ṣí inú tí oògùn yìí ti ń ṣí tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe agbo nìkan. Omeprazole tí o máa ń lò fún ọgbẹ́ inú kì í jẹ́ kí erlotinib wọ ara dáadáa. Sọ fún dókítà pé o ń lò ó, kí ó fún ọ ní ọ̀nà mìíràn. Àjẹkù oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n fún ọ nígbà tí wọn kò tíì mọ ohun tí ó ń ṣe ọ́, èyí tí ó ń sọ ìtọ̀ di pupa, rifampicin wà nínú rẹ̀, a sì máa lé erlotinib kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kí ó tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Kó àjẹkù náà padà fún àwọn tí wọ́n fún ọ. Bí ibà bá mú ọ, má lọ bá oníkẹ́míìsì kí ó po oògùn pọ̀ fún ọ nínú ọ̀rá; pe ọsibítù kí wọ́n sọ èyí tí o lè lò.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí nǹkan sú sí ojú, orí àyà àti ẹ̀yìn rẹ bí irorẹ́, kí ó máa yún ọ, kí awọ ara rẹ sì gbẹ. Kì í ṣe ooru, kì í ṣe àkóràn, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ayé ni. EGFR wà nínú awọ ara pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí oògùn náà fi ń hàn níbẹ̀. Má fi ìpara tí ń bóra pa á, má fi oògùn irorẹ́ sí i, má sì fi kànrìnkàn líle họ ọ́. Ọṣẹ tí kò ta, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ìpara tí kò ní lọ́fínńdà ni kí o máa lò, kí o fi í pa ara nígbà tí awọ ṣì tutù láti ibi ìwẹ̀. Oòrùn a máa mú un le sí i, nítorí náà máa mú agbòòrùn dání kí o sì máa wọ aṣọ alápá gígùn. Bí ó bá sú kọjá bẹ́ẹ̀, tí ó ń ṣọyún tàbí tí ó ń dun ọ́, dókítà ní oògùn tí yóò kọ fún un, ó sì lè dín ìwọ̀n erlotinib kù. Òun ni kí ó dín in kù, kì í ṣe ìwọ.

Inú lè máa ṣí pẹ̀lú. Máa mu omi àti omi oníyọ̀-oníṣúgà, dín ata àti epo kù, kí o sì gba loperamide, oògùn tí ń dá inú ṣíṣí dúró, sílé láti ọ̀dọ̀ dókítà kí ó tó di pé o nílò rẹ̀, kí ó sì sọ bí o ó ṣe lò ó. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé àṣà tiwa ni kí ènìyàn sáré ra Flagyl àti ciprofloxacin nígbà tí inú bá ti ṣí. Ciprofloxacin a máa mú kí erlotinib pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ni pé ohun tí o fẹ́ fi dá inú dúró yóò tún fún ohun tí ó ṣí i lágbára. Bí o bá yàgbẹ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin ju iye tí o máa ń yà lóòjọ́ tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí tí ojú ń ṣú ọ, tàbí tí ìtọ̀ kò jáde dáadáa, pe ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ìdúró rárá. Bí èémí bá ṣàdédé ń tán ọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ikọ́ rẹ yí padà tàbí tí ibà tẹ̀ lé e, má gbé hóró mìíràn mì. Jẹ́ kí ọkọ rẹ gbé ọ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ òru, nítorí oògùn náà fúnra rẹ̀ lè wú ẹ̀dọ̀fóró, bí èyí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀. Bákan náà ni bí ojú rẹ bá di pupa tí ó ń dùn ọ́, bí ẹyinjú bá ń pọ́n bí ẹni tí ó ní ibà pọ́njú, tàbí bí inú bá dédé bẹ̀rẹ̀ sí í run ọ́ kíkankíkan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ní kí o wá ṣe, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń ṣọ́, má fo ọ̀kankan.

Inú páálí rẹ̀ ni kí oògùn náà wà, nínú yàrá tí ó tutù jù lọ nílé yín, kì í ṣe inú ọkọ̀, kì í ṣe ilé ìdáná, ibi tí ọwọ́ àwọn ọmọ kò ti lè tó o. Ọ̀rọ̀ ìyá sí ọmọbìnrin rẹ̀ ni èyí tí ó kàn: kò gbọdọ̀ sí oyún ní gbogbo àsìkò tí o bá ń lò ó, àti fún oṣù kan ó kéré tán lẹ́yìn tí o bá lo èyí tí ó kẹ́yìn. Ìwọ àti ọkọ rẹ ẹ jọ bá dókítà sọ ọ́.

N kò ní purọ́ fún ọ, Àbẹ̀kẹ́. Erlotinib a máa mú kí jẹjẹrẹ náà sún kì, kí èémí já gaara, kí ènìyàn padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í sábà fa gbòǹgbò rẹ̀ tu. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, jẹjẹrẹ náà a tún wá ọ̀nà mìíràn gbà. Bí ọjọ́ yẹn bá dé, kì í ṣe pé o kò lò ó dáadáa. Wọn yóò tún ṣe àyẹ̀wò, nítorí pé ìyípadà kan wà tí wọ́n ń pè ní T790M tí ó sábà máa ń fà á, oògùn oníhóró mìíràn tí ó ń jẹ́ osimertinib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2015, sì wà fún ìyẹn. Mo fẹ́ kí o ti mọ̀ ọ́n láti ìsinsìnyí, kí ó má baà jẹ́ pé ìgbà tí dókítà bá dárúkọ rẹ̀ ni ẹ̀rù yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bà ọ́.

Mo fi ìwé àkọsílẹ̀ kan rán àbúrò rẹ sí ọ. Kọ aago tí o lo oògùn sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, iye ìgbà tí o yàgbẹ́, bí ara ṣe rí, kí o sì mú un dání lọ sí Ìbàdàn. Jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí n lè wá dúró ti àwọn ọmọ ní Ọ̀yọ́. Lálẹ́ òní, ya àwòrán páálí oògùn náà níwájú àti lẹ́yìn kí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo fẹ́ ka déètì àti nọ́ḿbà tí ó wà lára rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.