Lẹ́tà sí olóòtú: Àwa náà ti lé àlejò rí

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Gánà, àti ìwọ́de tí àwọn kan ṣe ní Accra lóṣù keje ọdún 2025 pé kí àwọn èèyàn wa máa bọ̀ nílé. Ó dùn mí wọra. Ẹ tún ròyìn ọdún 1969 dáadáa, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gánà, tí àwọn oníṣòwò wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti Ìlọrin fi ìsọ̀ àti ilé sílẹ̀ ní Kumasi àti Tamale. Ṣùgbọ́n láti òkè dé ilẹ̀ àpilẹ̀kọ náà, ẹ ò dárúkọ ọdún 1983, nígbà tí àwa náà lé àwọn ará Gánà, lẹ́ẹ̀kan. Ìdí tí mo fi mú kálàmù nìyẹn.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lóde òní, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ńṣe ni wọ́n kàn ń jáde kúrò ní Nàìjíríà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Jápa la jí bá, jápa la sùn lé. Bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ti ń wọlé wá bá wa tipẹ́tipẹ́, ohun tó sì ń gbé wọn wá ń yí padà láti ìran dé ìran.

Ẹ wo Èkó. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn Sàró ti ń dé láti Freetown, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì já sí Sierra Leone. Èkó àti Àgbádárìgì ni wọ́n ń gúnlẹ̀ sí, púpọ̀ nínú wọn sì kọjá lọ sí Abẹ́òkúta. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, wà lára wọn. Abẹ́òkúta ló ti tún fojú kan ìyá rẹ̀ lọ́dún 1846, lẹ́yìn bí ọdún 25 tí wọ́n ti já wọn gbà lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ẹrú tó gba òmìnira àti àwọn ọmọ wọn, náà ń dé láti Brazil àti Cuba, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia lọ́dún 1835. Bíríkìlà, káfíńtà àti aránṣọ pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan á ní ọmọ wa ni wọ́n, wọn kì í ṣe àlejò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n pẹ̀lú orúkọ bíi Davies àti da Silva, pẹ̀lú ẹ̀sìn wọn, aṣọ wọn àti fúrèjọ̀n wọn (ẹ̀wà tí wọ́n fi àgbọn sè), ó pẹ́ díẹ̀ kí àwọn onílé tó kà wọ́n sí ara ilé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n bá wa ṣe, kó lọ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey. Mohammed Shitta tó náwó kọ́ ọ, Waterloo ní Sierra Leone ni wọ́n bí i sí. Àgùdà ni João Baptista da Costa tó yàwòrán rẹ̀. Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i, wọ́n ṣì ń kírun níbẹ̀ di òní.

Ní ìparí ọ̀rúndún 19 ni àwọn ará Lẹ́bánónì àti Síríà, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Kórà, dé. Ọjà kéékèèké ni wọ́n kọ́kọ́ ń kiri kí wọ́n tó di onísọ̀ọ̀bù ńlá. Òpópónà Lebanon ṣì wà ní Ìbàdàn wa níbí.

Epo ló wá yí gbogbo rẹ̀ padà. Láti ìparí ọdún 1973 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1974, owó epo rọ̀bì lọ sókè ní ìlọ́po mẹ́rin. Náírà kan ju dọ́là kan lọ nígbà náà. Ní Gánà, kòkó ò mówó wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, owó cedi wọn sì ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n bá dà wá: bíríkìlà, aránṣọ, ṣúmékà, nọ́ọ̀sì, dókítà. Kì í ṣe pé wọ́n jalẹ̀kùn wọlé o. Èkó gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn tó dá ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún 1975, àdéhùn ọdún 1979 sì fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè àtiwọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Àwọn tó jókòó kọjá ọjọ́ yẹn pọ̀, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè níwọ̀n ìgbà tí owó wà nílùú.

Àwọn olùkọ́ inú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Nígbà tí UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, gbàjọba ìpínlẹ̀ márùn-ún lọ́dún 1979 tí wọ́n sọ ilé ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tuntun ń hù káàkiri. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí olùkọ́ ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì tó máa kárí? Gánà ni ọ̀pọ̀ ti wá. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ni mí. Ọmọ Cape Coast ni olùkọ́ físíìsì wa, Yorùbá tó gbọ́ kò ju “ẹ káàárọ̀” àti “ó tó” lọ. Kò sí ohun èlò kankan nílé ẹ̀kọ́ wa, yàrá tí wọ́n kọ “lábù” sí lára ò ní ju tábìlì lọ. Ó bá mú okùn, ó so òkúta mọ́ ọn, ó gbé e kọ́ fèrèsé, ó ní ká máa ka bó ṣe ń fì lọ fì bọ̀ bí òun ṣe ń wo aago. Ó gé okùn kúrú, ó ní ká tún kà. Ó pààrọ̀ òkúta sí èyí tó wúwo jù, ó ní ká tún kà, ẹnu sì yà wá pé iye kan náà la rí. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là sí ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí èmi náà di tíṣà, okùn àti òkúta yẹn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ìjọba Shagari, Alhaji Ali Baba, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Owó epo ti já, iṣẹ́ ti dín kù, ìbò ń bọ̀ lọ́dún yẹn, wọ́n sì ti ń di ẹ̀bi rògbòdìyàn ẹ̀sìn Maitatsine ní Àríwá àti ìwà ọ̀daràn ru àwọn àlejò. Wọ́n fojú bù ú pé ọ̀rọ̀ náà kan bíi mílíọ̀nù méjì èèyàn, ará Gánà nìkan tó mílíọ̀nù kan. Ọ̀nà tí wọ́n máa gbà lọ gan-an ò sí. Rawlings, olórí Gánà, ti ti ẹnubodè Gánà sí Tógò láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1982. Tógò ò fẹ́ kí wọ́n há sí òun lọ́wọ́, ó tilẹ̀kùn, Bẹ̀nẹ̀ náà tilẹ̀kùn. Tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ ń sùn síta ní Sèmè, ní èbúté Àpápá àti ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, títí Gánà fi ṣí ẹnubodè rẹ̀ lọ́jọ́ 29 oṣù náà. Ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ ló pàdé wọn nílé.

Ìyá kan láti Kumasi ń ránṣọ nínú àgbàlá tí à ń gbé. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì, fáànù àti ìkòkò. Àwọn tó ń rà á mọ̀ pé kò lè dúró nájà, wọ́n ń fa owó náà wálẹ̀, ó ń sọ pé kí wọ́n ṣáà mú un wá. Ìbàdàn ni wọ́n bí ọmọ rẹ̀ obìnrin sí, ẹgbẹ́ mi ni. Yorùbá ló fi ń bi ìyá rẹ̀ pé ìgbà wo làwọn máa padà wálé.

Àṣẹ yẹn yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba sílẹ̀, torí náà wọn ò lé olùkọ́ físíìsì wa. Ṣùgbọ́n ọkàn ta ló máa balẹ̀ lẹ́yìn irú ohun tí wọ́n fojú rí? Owó oṣù ò sì wọlé déédéé mọ́. Kí á tó jókòó ìdánwò WAEC, ó ti lọ, kò sì sẹ́ni tó rọ́pò rẹ̀ títí a fi jáde. Ìjọba Buhari tún lé àwọn mìíràn lọ́dún 1985. Kí ni wọ́n rí níbẹ̀? Náírà ò dìde. Ọdún 1986 ni SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé, kò sì pẹ́ tí àwọn olùkọ́ àti dókítà tiwa náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba òkè òkun lọ.

Àwọn tó ń wọlé lónìí yàtọ̀ sí ti ìgbà epo. Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Niger ni púpọ̀ ti ń wá, yàtọ̀ sí àwọn ará Cameroon tí ogun lé wá sí Cross River, Benue àti Taraba láti ọdún 2017. Lọ́dún 2020, àjọ UN fojú bù ú pé bíi 1.3 mílíọ̀nù àjèjì ló ń gbé láàárín wa, nínú èèyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù. Àwọn ló ń lẹ táìsì sí ilé tuntun yín, tí wọ́n ń pọnmi, tí wọ́n ń sọ́ ilé, tí wọ́n ń gbé ẹ̀wà àgọ̀yìn kiri ní kùtùkùtù. Àwọn mìíràn nínú wọn ò tilẹ̀ yẹ lẹ́ni tí à ń pè ní àjèjì. Ẹni tó bá ti Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ wá kí ẹbí rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ ti ré ẹnubodè tí Òyìnbó fà. Nígbà tí ìjọba ti àwọn ẹnubodè ilẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ìresì tí wọ́n ń fàyàwọ́ ni gbogbo wa ń sọ. Ẹ ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ìdílé tí ẹnubodè náà pín sí méjì.

Nígbà tí Bírítéènì sọ lọ́dún 2024 pé òṣìṣẹ́ olùtọ́jú ò gbọ́dọ̀ mú aya àti ọmọ wá mọ́, tí wọ́n tún sọ lọ́dún 2025 pé àwọn fẹ́ sọ ọdún 5 tí èèyàn ń dúró kó tó gba ìwé ìgbélùú títí láé di 10, a pariwo, ó sì yẹ ká pariwo. Ṣé ẹ mọ iye tiwa? Abala 27 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kí àlejò gbé fún ọdún 15 kó tó lè bèèrè láti di ọmọ Nàìjíríà, kí gómìnà ìpínlẹ̀ tó ń gbé sì gbà pé àwọn ará àdúgbò fẹ́ ẹ. Ọmọ tí òbí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ará Tógò, tí wọ́n bí sí Mushin, tó kàwé ní Mushin, ọ̀nà kan náà ló máa gbà bí ẹni tó dé lánàá. Abala 26 burú ju ìyẹn lọ lójú tèmi. Bí ọkùnrin wa bá fẹ́ obìnrin ilẹ̀ òkèèrè, ìyàwó lè fi ìgbéyàwó náà forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Nàìjíríà. Bí obìnrin wa bá fẹ́ ọkùnrin ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀nà yẹn ò sí fún ọkọ rẹ̀.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín rèé. Ẹ kọ àpilẹ̀kọ mìíràn, kí ẹ fi 1969 àti 1983 sójú ewé kan náà. Àwọn tó ti Gánà dé ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà, àwọn tí a lé sì wà ní Accra àti Kumasi. Wọ́n ti ń dàgbà, ẹ yára rán oníròyìn sí wọn. Àwọn aṣòfin wa sì wà lẹ́nu àtúnṣe ìwé òfin. Ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣojú ìpínlẹ̀ wa, lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí abala 26 àti 27, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn wọn jáde pẹ̀lú orúkọ wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn