Kí ìbọn tó dún ní Amẹ́ríkà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Bí ìwé ìròyìn wa bá ń sọ bí Amẹ́ríkà ṣe gba òmìnira, orí tíì tí wọ́n dà sínú omi ní Boston ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kíá, wọ́n ti dé orí ogun. Ẹ jọ̀ọ́, èyí ò tó. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá táwọn èèyàn yẹn fi bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fà á kí ogun tó bẹ́ ní 1775.

Òfin òǹtẹ̀ (Stamp Act) ọdún 1765, tó ní káwọn èèyàn máa ra òǹtẹ̀ ìjọba sórí ìwé, ló dá a sílẹ̀. Ìwé ìròyìn, ìwé ẹjọ́, títí dórí káàdì tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́, gbogbo rẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bu owó lé, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ò ní aṣojú kankan nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ará Boston ṣe ère Andrew Oliver tó fẹ́ máa pín òǹtẹ̀ náà, wọ́n so ère náà rọ̀ sórí igi. Kíá ni Oliver ní òun ò ṣe mọ́. Àwọn oníṣòwò náà ò ra ọjà Gẹ̀ẹ́sì mọ́, ìyẹn ló sì ká Lọ́ńdọ̀nù lára jù. Nígbà tó di 1766, wọ́n fagi lé òfin náà.

Ní 1767, wọ́n tún gbé owó bodè lé gíláàsì, ọ̀dà, bébà àti tíì. Àwọn èèyàn tún kọ̀ láti ra ọjà Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn obìnrin ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí níbí. Bí ẹnì kan ò bá ra aṣọ Gẹ̀ẹ́sì, kí ló fẹ́ wọ̀? Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìrànwú wọn, wọ́n kóra jọ sílé pásítọ̀, wọ́n ń ranwú láti àárọ̀ dalẹ́. Ní 1770, Lọ́ńdọ̀nù mú owó bodè kúrò lórí gbogbo ọjà náà, ó ku tíì nìkan.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti èbúté Boston pa ní 1774 nítorí tíì tí wọ́n dà sómi, àwọn ará South Carolina fi ìrẹsì ránṣẹ́, Connecticut da àgùntàn wá. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, aṣojú ilẹ̀ 12 lára àwọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pàdé ní Philadelphia.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tó ń dùn mí. Ní 1773, àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ní Massachusetts kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba ibẹ̀ pé kí wọ́n dá àwọn sílẹ̀. Àwọn tó ń pariwo òmìnira kiri ò fún wọn ní òmìnira. Bí ẹ bá tún gbé ìtàn yìí jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tiwọn náà kún un.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn