Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi lórí design pattern

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó dùn mọ́ mi pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ tuntun náà sì ń lọ déédéé. O bi mí bóyá kí ẹ ti to design pattern (bátànì, ìyẹn ọ̀nà tí a ti mọ̀ láti yanjú ìṣòro tó máa ń yọjú nínú kóòdù) bíi Factory, tó ń bá kóòdù yòókù dá object sílẹ̀, àti Strategy, tó ń jẹ́ kí a lè fi ọ̀nà ìṣe kan pààrọ̀ òmíràn, sínú kóòdù yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àtúnṣe má baà nira lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ ní sùúrù ná. Nígbà tí Gamma, Helm, Johnson àti Vlissides kó bátànì 23 jọ sínú ìwé wọn ní 1994, wọn kò dédé hùmọ̀ wọn. Inú sọ́fítíwià táwọn èèyàn ti kọ, tó sì ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n ti ṣà wọ́n. Ìṣòro ló kọ́kọ́ wà.

Wo ti ìsanwó tí o sọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ ní báyìí. Bí ẹ bá kọ interface (àdéhùn nípa ohun tí kóòdù kan gbọ́dọ̀ lè ṣe), tí ẹ kọ Factory lé e, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí owó ṣe ń wọlé yóò ṣí fáìlì bíi mélòó kan kó tó kan ìlà tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Function kan, ìyẹn ìdìpọ̀ ìlà kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan, ti tó. Bí ọ̀nà kejì bá dé, ẹ fi “if” kan yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kẹta bá dé, tí “if” kan náà ti wà níbi ìsanwó, tó wà níbi ìdápadà owó, tó tún wà níbi rìsíìtì, àsìkò Strategy ti tó nìyẹn. Ẹ ó ti fojú ara yín rí ohun tó ń yí padà àti èyí tí kì í yí. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo kò lè fi ìyẹn hàn yín. (Bó bá sì jẹ́ èdè kọ̀ǹpútà Python lẹ fi ń kọ ọ́, Strategy lè má ju kí ẹ fi function kan ránṣẹ́ sínú òmíràn.)

Singleton, ìyẹn object kan ṣoṣo tí gbogbo kóòdù jọ ń lò, ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Ibi gbogbo ni ọwọ́ ti lè tó o, nítorí náà ohun tí test kan (kóòdù tí a fi ń dán kóòdù wò) bá fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ lè da èyí tó tẹ̀ lé e rú. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ fi object náà lé class (apá kóòdù) tó nílò rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń dá class yẹn sílẹ̀.

Má rò pé mo kórìíra bátànì o. Mo fẹ́ràn orúkọ wọn gan-an: bí o bá ti pe Adapter (bátànì tó ń so apá kóòdù méjì tí kò bára mu pọ̀) nípàdé, àlàyé gígùn ti parí.

Jọ̀wọ́, bí ẹ bá parí apá ìsanwó yẹn, sọ bó ṣe rí fún mi. Bá mi kí àwọn ará ilé.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́