Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: áàtì ṣáájú iná

Kubwa, Àbújá

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ náà ńkọ́? Ọyẹ́ ti dé síbí, ó sì dé tagbára-tagbára. Bí èèyàn bá ń lọ sí Zuba láàárọ̀, eruku á ti bo Àpáta Zuma mọ́lẹ̀, àfi bí oòrùn bá mú. Ètè gbogbo wa ti bó. Mo ń kọ̀wé yìí nítorí iṣẹ́ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ nínú ọkàn mi, bíi pé a ṣì jọ wà nídìí tábìlì kan náà ní Ìkẹjà.

Ilé ìwòsàn kan níbí ló ra server, kọ̀ǹpútà ńlá tí ń tọ́jú fáìlì fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, kí fáìlì àwọn aláìsàn lè kúrò nínú káàdì tí ikán ń jẹ. Wọ́n ra CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) kejì, RAM (ibi tí ó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) àti disk (ibi tí ó ń pa fáìlì mọ́ sí) lọ́tọ̀, pé kí n kó wọn sínú rẹ̀. Ìwọ náà mọ bí ọyẹ́ ṣe rí: kéèyàn bọ́ súwẹ́tà lásán, á máa ta pàrà-pàrà. Kí iná tí ń ta yẹn tó hàn sí wa lára, ó ti tó nǹkan bíi fóólítì 3,000, bẹ́ẹ̀ èyí tí kò tó 100 lè ba RAM jẹ́. A lè pa á kí a má tilẹ̀ mọ̀ pé a ti pa á. Mo ní kí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fi omi nu ilẹ̀ yàrá náà kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè rọ̀ díẹ̀. A so okùn tí ń fa iná yẹn kúrò lára mọ́ ọrùn ọwọ́, a so ìdí okùn náà mọ́ irin ara server. Lẹ́yìn ìyẹn, kíkó wọn sínú rẹ̀ kò gbà wá ní wákàtí méjì.

Dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà, ọmọ Ọ̀fà ni, rò pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ó ní, “Àǹtí, ṣebí ó kù kí ẹ kì í bọ sókẹ́ẹ̀tì ni?” Àbẹ̀kẹ́, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ lójú tèmi.

Bátìrì UPS, ẹ̀rọ tí ń gbé server ró nígbà tí iná bá lọ, la kọ́kọ́ gbé sí ìsàlẹ̀ ráàkì (àgbékà irin tí a ń to ẹ̀rọ sí), nítorí ohun tó bá wúwo kò gbọdọ̀ wà lókè. Mẹ́gàdì bá wa gbé server náà, ó ń sọ pé “a hankali, a hankali” títí ó fi wọ ojú irin rẹ̀. Kí n tó fa wáyà iná kankan, mo ki mítà tí a fi ń wọn iná bọ sókẹ́ẹ̀tì. Láàárín live (wáyà tí iná ń gbà wọlé) àti neutral (wáyà tí ó ń gbà padà), fóólítì 187, bẹ́ẹ̀ 200 sí 240 ni wọ́n kọ sí ìdí ẹ̀rọ náà o. Láàárín neutral àti áàtì (wáyà tí ń gbé iná tó bá ṣìnà wọ inú ilẹ̀), 38. Mo tún un wò lẹ́ẹ̀mejì. 38! Ibi tó yẹ kó jẹ́ 2 tàbí 3.

Mo ní mi ò ní so ó. Mo ní kí wọ́n pe oníṣẹ́ iná wá. Nígbà tí ó gbẹ́ ibi tí wọ́n ri irin áàtì sí, irin náà kò ju apá lọ ní gígùn: ó ti kan àpáta, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tó yí i ká gbẹ bí èlùbọ́. Nígbà òjò, ó lè máa ṣiṣẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ilẹ̀ gbígbẹ sọ̀rọ̀ kó gba iná? Oníṣẹ́ iná fẹ́ da iyọ̀ àti èédú sí i. Mo gbà fún èédú, mo kọ iyọ̀, nítorí iyọ̀ a máa jẹ irin, òjò á sì tún ṣàn án lọ. A wá rí ibì kan lẹ́yìn táǹkì omi, tí ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ tán. Irin tuntun méjì ni oníṣẹ́ iná náà rì síbẹ̀, ó sì so wọ́n pọ̀. Ọjọ́ méjì ni ó gbà wá. Inú dókítà kò dùn rárá, ó ní àwọn nọ́ọ̀sì ti ń retí. Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn nọ́ọ̀sì yẹn gan-an ni yóò máa fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Nígbà tí a tún wọ̀n ọ́n, óòmù 4 péré ni ìdènà tí ilẹ̀ ń ṣe fún iná, neutral sí áàtì kò sì pé 2. Wọ́n ra sitẹbiláísà, ẹ̀rọ tí ń mú fóólítì dúró déédéé, fún ti 187 yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá so ó bí a ṣe kọ́ ọ. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́kọ́, mọ́nítọ̀ àti kíìbọọ̀dù tẹ̀ lé e, iná gbẹ̀yìn. Mo ń rántí orin àwọ̀ tí o máa ń kọ nígbà tí a bá ń fún orí wáyà: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-bíráwùn, bíráwùn. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ náà ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Mo lẹ orúkọ mọ́ orí àti ìdí wáyà kọ̀ọ̀kan. Ihò tí a fi ń ṣọ́ server láti òkèèrè, mo fún un ní switch (àpótí tí ń so wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀) tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ti okùn iná méjì tí server náà ní, mo ki ọ̀kan bọ UPS, mo ki èkejì bọ ìlà ínfátà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ki méjèèjì bọ UPS kan ṣoṣo. Tí UPS yẹn bá wá kú lóru ńkọ́?

Bí iná ṣe wọ inú rẹ̀, mo dúró ìṣẹ́jú méjì kí kọ̀ǹpútà kékeré inú rẹ̀, èyí tí a fi ń ṣọ́ ọ láti òkèèrè, lè jí tán, kí n tó tẹ bọ́tìnnì. Fáànù hó bíi bàálù. Mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn. Ìṣẹ́jú kan, méjì, mẹ́ta. Ọwọ́ dókítà ti ń lọ sídìí sókẹ́ẹ̀tì. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ó ń mọ RAM rẹ̀ ni.” Ní ìṣẹ́jú kẹfà, ó là. Iná ọsàn kan ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀, gíìgì RAM 112 ni ó sì ń kà dípò 128. Mo pa á, mo yọ okùn iná méjèèjì, mo ṣí i. RAM kan ni etí rẹ̀ kan kò wọlé. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún “kán”. Nígbà tí a tún tàn án, 128 pé.

Aago mọ́kànlá òru ti lù báyìí. Ìjọba ti mú iná lọ ládùúgbò wa, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fóònù wo server náà láti ilé: okùn méjèèjì ń jẹ iná, ooru inú rẹ̀ kò ga. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ní kí n kí ẹ. Nígbà òtútù ní Halifax tí ẹ bá tan hítà, ṣé ara yín kì í ta pàrà-pàrà bí tiwa? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ yín fún mi. Ọyẹ́ yìí ṣì kù.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́